Ojúlé àti Àpótí: Ìṣọ̀kan Kóòdù Ìsomọ́ra Àgò nínú Èkùrọ́ Linux àti Ọ̀rọ̀-Ìperí Rẹ̀ ní Èdè Yorùbá

Ìfáàrà

Láàrin ọdún 2006 sí 2015, àwọn onímọ̀ tó ń ṣe Linux, ètò aṣàkóso kọ̀ǹpútà tí Linus Torvalds bẹ̀rẹ̀ ní ìlú Helsinki ní 1991, kó iṣẹ́ kan tó ti fọ́nká jọ sí ojú kan. Kí wọ́n tó ṣe é, ẹ̀yà ọpọlọ ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ló dá ní ọgbọ́n tirẹ̀ tí èkùrọ́ ètò náà fi ń mọ ẹ̀rọ tó ké sí i. Lẹ́yìn rẹ̀, kóòdù kan ṣoṣo ló ń ṣe ìpìlẹ̀ iṣẹ́ náà fún ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ọ̀rọ̀ náà lè dà bí ohun tó jìnnà sí Yorùbá. Ṣùgbọ́n èkùrọ́ Linux ló wà nínú Android, bẹ́ẹ̀ fóònù Android ló kún ọwọ́ èrò ní ọjà Tẹ́júoṣó ní Yábàá àti ní àwọn òpópónà Muṣin. Ìka kì í kan ojú irú fóònù bẹ́ẹ̀ lónìí kí kóòdù tí wọ́n ṣe yìí má ṣiṣẹ́.

Iṣẹ́ méjì ni àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ ṣe. Èkíní ni láti ṣàlàyé ohun tí àwọn onímọ̀ náà ṣe. Èkejì, tó ṣòro jù, ni láti fi hàn pé apá kan ìṣòro wọn fara pamọ́ sínú ọ̀rọ̀ kan. Èdè Gẹ̀ẹ́sì fi orúkọ kan, IRQ, pe nọ́ńbà méjì tí kì í ṣe ọ̀kan náà. Olùkọ́ tàbí olùtúmọ̀ tó bá wá ọ̀rọ̀ Yorùbá kan ṣoṣo fún IRQ ti gbé ìdàrúdàpọ̀ náà wọ inú èdè tí kò ní in tẹ́lẹ̀. Kò sí ohun tó fi dandan mú un láti ṣe bẹ́ẹ̀.

Àgò, oníbodè àti èkùrọ́

Ọpọlọ ẹ̀rọ a máa ṣe iṣẹ́ tó ju mílíọ̀nù lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Àwọn ẹ̀rọ kéékèèké tó yí i ká, bíi bọ́tìnnì ìtẹ̀wé, ojú fóònù àti ẹ̀rọ tó ń gba ìròyìn láti inú afẹ́fẹ́, kì í yára tó bẹ́ẹ̀. Bí ọpọlọ bá ní láti máa tọ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lọ nígbà gbogbo láti béèrè bóyá wọ́n ní ohun tí wọ́n fẹ́ sọ, àbẹ̀wò ni yóò fi gbogbo ọjọ́ rẹ̀ ṣe. Nítorí náà ni wọ́n ṣe fi ọ̀rọ̀ ọ̀hún sí ọwọ́ ẹ̀rọ kékeré fúnra rẹ̀. Ìgbà tó bá ní iṣẹ́ fún ọpọlọ ni yóò ké sí i. Ọpọlọ yóò fi àmì sí ibi tó bá iṣẹ́ dé, yóò dá ẹ̀rọ náà lóhùn, yóò sì padà sí ibi tó fi àmì sí bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. Ohun tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní interrupt nìyí.

Ìdílọ́wọ́ àti ìdádúró ni ìwé atúmọ̀ èdè yóò kọ́kọ́ gbé síwájú ẹni tó bá wá ọ̀rọ̀ náà. Kò sí èyí tó tọ̀nà nínú méjèèjì. Ẹni tó dí ènìyàn lọ́wọ́ ti pa á lára. Ìdádúró sì ni ohun tó mú iṣẹ́ falẹ̀. Èyí tí à bá pè ní ìdílọ́wọ́ níhìn-ín ló ń mú kí iṣẹ́ yá. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá kà á pé ìdílọ́wọ́ 10,000 ṣẹlẹ̀ nínú ẹ̀rọ kan láàrin ìṣẹ́jú kan, yóò rò pé ẹ̀rọ náà ti bàjẹ́, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀ ló ń ṣe.

Àṣà Yorùbá ti ní ohun tó bá a mu jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àlejò tó bá dé ẹnu-ọ̀nà agboolé kì í já wọlé. Yóò ké pé "Àgò onílé o!" Onílé tó ń lọ ata yóò gbé ọmọ ọlọ sílẹ̀, yóò dáhùn pé "Àgò yà!", yóò gbọ́ tẹnu àlejò, lẹ́yìn náà ni yóò padà sídìí ata rẹ̀. Bí ó bá wà nídìí ohun tí kò ṣe é fi sílẹ̀, àlejò yóò dúró níta títí ọwọ́ rẹ̀ yóò fi dilẹ̀. Ìyẹn gan-an wà nínú ẹ̀rọ: ọpọlọ lè di etí rẹ̀ sí àgò kan fún ìgbà díẹ̀, oníbodè yóò sì máa ránti pé ẹnì kan wà lẹ́nu-ọ̀nà. Àgò ni ọ̀rọ̀ tí àpilẹ̀kọ yìí yóò máa lò. Ó rọrùn láti fi ṣẹ̀dá àwọn ọ̀rọ̀ mìíràn. Olùdáhùn àgò ni abala kóòdù tó ń dá ẹ̀rọ kan lóhùn. Oníbodè àgò ni ẹ̀rọ tó dúró sí àárín, tí ń gba àgò láti ọ̀dọ̀ àwọn ẹ̀rọ kéékèèké, tó sì ń kó o lọ fún ọpọlọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Kìkì pé kí ẹni tó bá ń tẹ ìwé má ṣe fọwọ́ yẹpẹrẹ mú àmì ohùn àti àmì abẹ́ fáwẹ́lì, nítorí àgò kì í ṣe àgọ́.

Fún kernel, èyíinì ni apá inú lọ́hùn-ún ètò aṣàkóso tó ní àṣẹ lórí ẹ̀rọ tààrà, èkùrọ́ ló yẹ. Kókó lè wu àwọn kan, ṣùgbọ́n yóò mú ọkàn òǹkàwé lọ sí kókó ọ̀rọ̀. Èkùrọ́ wà nínú èèpo líle, èèpo náà sì ni ọwọ́ ń kàn. Gẹ̀ẹ́sì gan-an ń pe apá òde tí òṣìṣẹ́ ń bá sọ̀rọ̀ ní shell. Àfiwé náà pé, ìgbà tó sì jẹ́ pé ọ̀pẹ ló ni ín, kò sí ọmọ Yorùbá tí yóò ṣàjèjì sí i.

Nígbà tí òpópónà jẹ́ ẹyọ kan

Kọ̀ǹpútà tí ilé-iṣẹ́ IBM gbé jáde ní 1981 ní oníbodè àgò kan ṣoṣo. Intel ló ṣe oníbodè náà, 8259 ni orúkọ rẹ̀. Okùn 8 ló wọ inú rẹ̀, wọ́n sì kà wọ́n láti 0 dé 7. Aago inú ẹ̀rọ wà lórí okùn 0, bọ́tìnnì ìtẹ̀wé wà lórí okùn 1. Ní 1984, nínú irú tí wọ́n pè ní AT, wọ́n fi oníbodè kejì kún un. Okùn di 16, ṣùgbọ́n nítorí pé wọ́n fi ọ̀kan so oníbodè kejì mọ́ èkíní, 15 ló kù fún àwọn ẹ̀rọ. Kọ̀ǹpútà ìdílé yìí, tí ọpọlọ rẹ̀ jẹ́ 80386, ni Torvalds fi bẹ̀rẹ̀ Linux.

Ní irú ayé bẹ́ẹ̀, nọ́ńbà tó wà lára okùn náà ni nọ́ńbà tí ètò ń lò. Olùdáhùn tó fẹ́ gbọ́ àgò bọ́tìnnì yóò sọ fún èkùrọ́ pé IRQ 1 ni òun ń fẹ́. 1 ni okùn, 1 náà sì ni orúkọ rẹ̀ nínú èkùrọ́. Kò sí ẹni tó nílò ọ̀rọ̀ méjì. Ẹni tó ń gbé ní abúlé olópòópónà kan kì í dárúkọ òpópónà fún àlejò.

Sùúrùlérè kì í ṣe irú abúlé bẹ́ẹ̀. Ojúlé 10 wà ní òpópónà Bọ́dé Thomas, ó wà ní Adéníran Ògúnsànyà, bí ènìyàn bá sì kọjá sí Yábàá, ó wà ní Herbert Macaulay. Ọmọ tí wọ́n rán níṣẹ́, tó dé ọ̀dọ̀ ènìyàn tó ní "Ojúlé 10 ló rán mi wá", kò tíì sọ ohun kan títí yóò fi dárúkọ òpópónà. Bí wọ́n ti ń ṣe ẹ̀rọ òde òní nìyẹn. Nínú fóònù kan, oníbodè àgbà wà nítòsí ọpọlọ. Nínú ẹ̀yà ARM, èyí tó gbajúmọ̀ jù ni wọ́n ń pè ní GIC. Àwọn oníbodè kékeré wà lẹ́yìn rẹ̀: ọ̀kan lè máa ṣọ́ àwọn okùn tó lọ sí bọ́tìnnì ẹ̀gbẹ́ fóònù àti ojú rẹ̀, kí òmíràn wà nínú ẹ̀rọ tó ń bójú tó iná bátìrì. Olúkúlùkù wọn ló bẹ̀rẹ̀ kíkà tirẹ̀ láti 0. Ọ̀dọ̀ gbogbo wọn ni okùn 5 wà.

Báwo wá ni èkùrọ́ yóò ṣe mọ okùn 5 kan yàtọ̀ sí òmíràn? Ohun tí ilé ìfìwéránṣẹ́ ń ṣe ni ìdáhùn. Ẹni tó ń gbé ní Sùúrùlérè tàbí ní Akọka lè gba àpótí lẹ́tà ní ilé ìfìwéránṣẹ́ Yábàá. Nọ́ńbà àpótí náà kò bá nọ́ńbà ilé rẹ̀ tan rárá. Èyí tó ṣófo ni akọ̀wé fún un. Ibi kan ṣoṣo tí ojúlé àti àpótí ti pàdé ni inú ìwé àkọsílẹ̀ akọ̀wé. Bí ẹni méjì bá wá láti ojúlé 10 ní òpópónà méjì, àpótí wọn yàtọ̀ síra, ìdààmú sì tán.

Láti inú àfiwé yìí ni ọ̀rọ̀ mẹ́rin ti wá. Nọ́ńbà ojúlé ni èyí tí oníbodè kan fi ń pe okùn rẹ̀. Nọ́ńbà àpótí ni èyí tí èkùrọ́ fún àgò náà, tí kò sí àgò mìíràn tó ń jẹ́ ẹ nínú èkùrọ́ náà. Àdúgbò àgò ni gbogbo ojúlé tó wà lábẹ́ oníbodè kan, tí nọ́ńbà wọn kò tún ara wọn ṣe; domain ni Gẹ̀ẹ́sì ń pè é. Ìsomọ́ra ni kíkọ tí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé pé ojúlé báyìí ní àdúgbò báyìí ló ni àpótí báyìí. Ìsomọ́ra ni wọ́n ń pè ní mapping, ọ̀rọ̀ kan tó ti ṣi ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́nà, nítorí pé ẹni tó bá rántí map yóò fẹ́ kọ ọ́ ní yíya àwòrán ilẹ̀. Kò sí ilẹ̀, kò sí àwòrán. Nọ́ńbà kan ni wọ́n so mọ́ nọ́ńbà kejì.

Ó tọ́ láti fi kún un pé àpótí 200 ní Yábàá kì í ṣe àpótí 200 ní Muṣin. Bákan náà ni nọ́ńbà àpótí kò ní ìtumọ̀ bí ó bá ti kúrò nínú ẹ̀rọ kan sí òmíràn. Kódà nínú ẹ̀rọ kan náà, bí wọ́n bá pa á tí wọ́n tún tàn án, èkùrọ́ lè pín àpótí lọ́nà mìíràn.

Bí ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan ṣe ń dá ọgbọ́n tirẹ̀

Kí kóòdù àjùmọ̀lò tó dé, àwọn tó ń ṣètò Linux fún ẹ̀yà ARM máa ń fi ọwọ́ pín nọ́ńbà. Pátákó ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ní ìwé kóòdù tirẹ̀. Nínú rẹ̀ ni wọ́n ti kọ ọ́ pé oníbodè èkíní ni yóò ni nọ́ńbà láti ibi báyìí dé ibi báyìí, kí oníbodè kejì bẹ̀rẹ̀ níbi tí èkíní parí sí. Bí ẹnì kan bá fi oníbodè kẹta sí àárín, gbogbo nọ́ńbà tó tẹ̀lé e ni yóò yí padà. Èyí tó burú jù ni pé èkùrọ́ tí wọ́n ṣe fún pátákó kan kò lè ṣiṣẹ́ lórí pátákó kejì, nítorí pé àwọn nọ́ńbà náà ti di ara kóòdù kí ẹ̀rọ tó tàn. Bí pátákó ti ń pọ̀ sí i ni ìwé kóòdù ń pọ̀ sí i. Ní oṣù kẹta 2011, Torvalds fi ẹ̀hónú hàn ní gbangba nípa bí kóòdù ARM ṣe ń wú láìní ètò.

Àwọn onímọ̀ PowerPC ti bá ìṣòro náà pàdé ṣáájú, nítorí irú ẹ̀rọ tí wọ́n ní. Nínú àwọn kọ̀ǹpútà ńlá IBM, nọ́ńbà ojúlé lè tóbi gan-an, kí àlàfo gbọọrọ sì wà láàrin ọ̀kan àti èkejì; kò sí bí ènìyàn ṣe lè fi wọ́n ṣe nọ́ńbà àpótí tààrà láìfi àyè ṣòfò. Ní 2006, Benjamin Herrenschmidt tún kóòdù àgò PowerPC kọ. Ó ya nọ́ńbà ojúlé sọ́tọ̀ pátápátá kúrò lára nọ́ńbà àpótí, ó sì fún oníbodè kọ̀ọ̀kan ní ìwé àkọsílẹ̀ tirẹ̀. Ní ọdún kan náà ni Thomas Gleixner àti Ingo Molnar gbé kóòdù àjùmọ̀lò kan wọ inú Linux 2.6.18, tó sọ bí wọ́n ṣe ń dá àgò lóhùn di ọ̀kan láàrin àwọn ẹ̀yà. Iṣẹ́ ńlá ni, ṣùgbọ́n ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí àgò ti gba nọ́ńbà àpótí ló tún ṣe. Bí àgò ṣe ń gba nọ́ńbà ọ̀hún ṣì wà lọ́wọ́ ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan.

Wọn kò tilẹ̀ fẹnu kò lórí ohun tí àìsí àgò ń jẹ́. Lọ́dọ̀ PowerPC, 0 ni wọ́n ń kọ nígbà tí ẹ̀rọ kan kò bá ní àgò. Lọ́dọ̀ ARM, òdì 1 ni. Lórí kọ̀ǹpútà ìdílé IBM, 0 ni aago, tí àgò rẹ̀ kì í dákẹ́. Ẹni tó kọ olùtọ́jú ẹ̀rọ kan, tó fẹ́ kí ó ṣiṣẹ́ níbi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò lè kọ ìlà tó rọrùn jù lọ, ìyẹn ìlà tó ń béèrè bóyá àgò wà tàbí kò sí, láìbéèrè ẹ̀yà tó wà lábẹ́ rẹ̀.

Ìṣọ̀kan

Grant Likely ló kó ohun tí PowerPC ní jáde kúrò nínú àpò PowerPC. Ó ti gbìyànjú irú rẹ̀ kan ní 2011. Ní 2012 ó gbé kóòdù Herrenschmidt lọ sí apá àjùmọ̀lò èkùrọ́, ó dà á pọ̀ mọ́ èyí tó ti wà níbẹ̀, ó sì fún un ní orúkọ tó ń jẹ́ títí di òní, irq_domain. Inú Linux 3.4, tó jáde ní oṣù karùn-ún 2012, ni ó wà. Láti ìgbà náà ni 0 ti di èsì tí kóòdù ìsomọ́ra ń fún ẹni tí kò rí àpótí gbà. Àyàfi aago kọ̀ǹpútà IBM àtijọ́, tí wọ́n fi sílẹ̀ pẹ̀lú 0 rẹ̀ bí àgbàlagbà tí ẹnì kan kò fẹ́ lé kúrò lórí àga.

Ohun mẹ́ta ni kóòdù àjùmọ̀lò náà ń ṣe. Ó ń pín àpótí. Ó ń tọ́jú ìwé àkọsílẹ̀ àdúgbò kọ̀ọ̀kan, kí ó lè tètè rí àpótí nígbà tí àgò bá dé láti ojúlé kan. Bí ojúlé bá tò lẹ́sẹẹsẹ, wọ́n ń lo àtẹ tààrà. Bí wọ́n bá jìnnà síra bíi ti àwọn ẹ̀rọ IBM wọ̀nyẹn, wọ́n ń lo àtẹ ẹlẹ́ka, tí kì í fi àyè sílẹ̀ fún ohun tí kò sí. Ẹ̀kẹta ni ó gba àlàyé díẹ̀. Àdúgbò kọ̀ọ̀kan ní ògbufọ̀ kan.

Iṣẹ́ ògbufọ̀ ni láti ka ìwé àpèjúwe ẹ̀rọ. Ìwé yìí, tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní device tree, ni èkùrọ́ ń gbà nígbà tó bá ń jí. Inú rẹ̀ ni wọ́n kọ àwọn ẹ̀rọ tó wà lórí pátákó sí, àti oníbodè tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń ké sí. Ó ti pẹ́ lọ́dọ̀ PowerPC. Lẹ́yìn awuyewuye 2011 ni ARM wọ inú rẹ̀ ní ọ̀pọ̀ yanturu. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń kọ nọ́ńbà sínú ìwé náà yàtọ̀ láti ọ̀dọ̀ oníbodè kan sí òmíràn. Àpẹẹrẹ tó dára ni aago inú ọpọlọ ARM. Ìwé àpèjúwe Raspberry Pi 4 kọ ọ̀kan nínú àwọn àgò aago náà sílẹ̀ bí nọ́ńbà 14 nínú ẹgbẹ́ àwọn àgò tó jẹ́ àdáni fún ọpọlọ kọ̀ọ̀kan. GIC ń ka ẹgbẹ́ yìí láti 16. Ògbufọ̀ GIC yóò fi 16 kún 14, yóò sì sọ pé ojúlé 30 ni. Èkùrọ́ yóò wá so ojúlé 30 yìí mọ́ àpótí tó bá ṣófo, tí nọ́ńbà rẹ̀ kò fi dandan jẹ́ 14 tàbí 30. Nọ́ńbà mẹ́ta ni àgò kan ṣoṣo ní báyìí, ìwé Gẹ̀ẹ́sì sì lè pe èyíkéyìí nínú wọn ní IRQ láìsọ èyí tó ń sọ.

Níbi ògbufọ̀ yìí ni ìtumọ̀ ìṣọ̀kan ti hàn kedere. Kò sí ẹni tó sọ pé kí ARM àti PowerPC máa ka okùn wọn bákan náà. Wọ́n fi ìṣe oníkálùkù sílẹ̀ fún un, wọ́n sì sọ ìwé àkọsílẹ̀ nìkan di ọ̀kan. Àwọn olùkọ́ Yorùbá mọ irú ètò yìí dáadáa. Nígbà tí àwọn ìjọ pàdé ní Èkó ní 1875 lórí àkọtọ́ Yorùbá, àti nígbà tí ìjọba fọwọ́ sí àkọtọ́ 1974, kò sí ẹni tó ní kí Ìjẹ̀bú tàbí Èkìtì pa ẹ̀ka-èdè rẹ̀ tì nílé. Yorùbá àjùmọ̀lò ni wọ́n fẹnu kò lé lórí fún ìwé. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé èkùrọ́ kì í gba àkọtọ́ méjì láyè pẹ́, bẹ́ẹ̀ àwọn orúkọ tí wọ́n ń kọ ní ìlànà àtijọ́ ṣì wà lára pátákó òpópónà Èkó títí di òní.

Ní Linux 3.19, tó jáde ní oṣù kejì 2015, iṣẹ́ Jiang Liu fi àdúgbò ìpele-ìpele kún un. Ìdí rẹ̀ ni pé àgò kan lè gba ọwọ́ oníbodè méjì tàbí mẹ́ta kọjá kí ó tó dé ọ̀dọ̀ ọpọlọ, kí oníkálùkù sì ní nọ́ńbà ojúlé tirẹ̀ fún un. Dípò kí wọ́n fún un ní àpótí mẹ́ta, àpótí kan ni ó ní, pẹ̀lú ojúlé kan ní ìpele kọ̀ọ̀kan. Ní ọdún náà kan náà ni wọ́n gbé kóòdù ẹ̀yà x86, ọmọ kọ̀ǹpútà 1981, bọ́ sí orí ètò yìí. Ẹ̀yà tó bẹ̀rẹ̀ ìdàrúdàpọ̀ orúkọ náà wà lára àwọn tó pẹ́ kí wọ́n tó wọlé.

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe kan olùtúmọ̀

Kí ènìyàn gbà pé akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Akọka tàbí ní Yábàá ń kọ olùtọ́jú fún ojú fóònù kan. Ìwé ilé-iṣẹ́ sọ fún un pé okùn 5 ni ojú náà wà. Ìwé Yorùbá tí ó ní lọ́wọ́ wá sọ pé kí ó "béèrè fún nọ́ńbà àgò" lọ́dọ̀ èkùrọ́. Yóò béèrè fún 5. Bí àpótí 5 bá ti ní olówó, èkùrọ́ lè kọ̀ fún un, yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá àṣìṣe níbi tí kò sí. Bí àpótí náà bá jẹ́ irú èyí tí wọ́n gbà kí ẹni méjì jọ lò, nǹkan burú jù bẹ́ẹ̀: olùdáhùn rẹ̀ yóò máa gbọ́ àgò ẹlòmíràn, àgò ojú fóònù kò sì ní dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ láé. Akẹ́kọ̀ọ́ náà kò ṣe àṣìṣe kankan. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fún un ló pé méjì nínú ọ̀kan. Bí ìwé náà bá ti kọ ọ́ pé kí ó fi nọ́ńbà ojúlé àti àdúgbò gba ìsomọ́ra, kí ó sì fi nọ́ńbà àpótí tó bá rí gbà béèrè àgò, kò ní sí ibi tí yóò ti ṣìnà.

Àwọn ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1984 àti èyí tí Ọládélé Awóbùlúyì ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1990 kọ́ni pé ó yẹ kí ọ̀rọ̀-ìperí bá ara wọn tan bí èrò tí wọ́n dúró fún ṣe bá ara wọn tan. Lítíréṣọ̀ àti gírámà ni àwọn ìwé náà ń wò, kì í ṣe ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó ní kí ìlànà náà má bá ẹ̀rọ mu. Ohun tí ọ̀rọ̀ IRQ fi kún un ni pé èrò ni kí olùtúmọ̀ máa tẹ̀lé nígbà tí orúkọ Gẹ̀ẹ́sì bá lọ sí ibì kan tí èrò sì lọ síbòmíràn. Gẹ̀ẹ́sì pe méjèèjì ní IRQ nítorí ẹ̀rọ 1981. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó mọ̀ ti ń kọ hwirq fún ojúlé àti virq fún àpótí nínú kóòdù wọn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹnu àti ọ̀pọ̀ ìwé kò tíì tẹ̀lé wọn.

Ọ̀rọ̀ tó ṣì ń fẹ́ àròjinlẹ̀ ni àdúgbò. Àléébù kan wà lára rẹ̀: àdúgbò Èkó kan lè ní òpópónà púpọ̀, tí àdúgbò àgò kì í ní ju ọ̀kan lọ. Òpópónà ì bá péye jù. Ṣùgbọ́n òpópónà àgò yóò mú kí akẹ́kọ̀ọ́ rò pé ọ̀nà tí àgò ń gbà kọjá ni, bẹ́ẹ̀ ìyẹn jẹ́ ohun mìíràn nínú ẹ̀rọ. Fún ìdí èyí ni àdúgbò fi rọ́wọ́ mú. Driver náà gbọdọ̀ ya ara rẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára awakọ̀. Olùtọ́jú ẹ̀rọ, tí wọ́n ti lò lókè, sọ iṣẹ́ rẹ̀ láìmú ọkàn lọ sí ìdíkọ̀ Ojúẹlẹ́gba.

Olùkọ́ tó bá fẹ́ fi ojú akẹ́kọ̀ọ́ rí i kò nílò ohun tó ju kọ̀ǹpútà kan tó ń lo Linux. Èkùrọ́ gan-an ń fi ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ hàn, nínú fáìlì tí orúkọ rẹ̀ jẹ́ /proc/interrupts. Nọ́ńbà àpótí ni ó bẹ̀rẹ̀ ìlà kọ̀ọ̀kan. Iye ìgbà tí àgò náà ti dún lọ́dọ̀ ọpọlọ kọ̀ọ̀kan ló tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn ìyẹn ni orúkọ oníbodè, nọ́ńbà ojúlé, àti orúkọ ẹ̀rọ tó ni ín. Lórí Raspberry Pi 4, ìlà aago yóò gbé 30 jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ GIC, nígbà tí nọ́ńbà tó bẹ̀rẹ̀ ìlà náà lè jẹ́ òmíràn. Ìlà yẹn ni kí olùkọ́ fi bẹ̀rẹ̀. Kí ó má ṣe fi ìlà bọ́tìnnì ìtẹ̀wé orí kọ̀ǹpútà x86 bẹ̀rẹ̀, nítorí lórí ọ̀pọ̀ nínú wọn, ní ọdún tó lé ní 40 lẹ́yìn IBM, 1 ni àpótí rẹ̀, 1 náà sì ni ojúlé rẹ̀.